Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹkúndayọ̀

Ọjọ́ tí Ọ̀ṣuntọ́lá kọ́kọ́ kí ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ kú ilé o, Bàbá onílé," Ẹkúndayọ̀ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ ti ògiri, ó sì dá a lóhùn pé onílé kì í ṣe ẹlòmíràn, ẹni tó jókòó sórí ibùsùn yẹn ni. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìró rẹ̀ bo orúnkún, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá wọ́n lè bá òun ránṣẹ́ sí bàbá òun, kí wọ́n wá mú òun lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá tó ń wí yìí, Èṣùgbàyí, ti kú láti ìgbà tí àkọ́bí wọn wà lẹ́nu ọmú. Wọ́n ti gbin kòkó sí ẹ̀gbẹ́ sàréè rẹ̀, kòkó náà sì ti gbó.

Kì í ṣe òjijì ló bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn, tí nǹkan funfun bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń wá iyọ̀ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ń pe Sanmí, àkọ́bí wọn, ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Gbogbo ará abúlé wọn, tí kò jìnnà sí Lálúpọn, ní ogbó ni, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ẹkúndayọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó ń dáhùn ìbéèrè kan náà láàárọ̀ lálẹ́, kò sì rojọ́ fún ẹnì kankan. Láti kékeré, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni.

Ìgbàgbé nìkan ìbá rọrùn. Oúnjẹ ló wá di ìjà. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ Tìmílẹ́hìn, ọmọ Sanmí, ni ìyá náà ti ń jẹun. Ọmọdébìnrin náà á jókòó tì í, á máa fi síbí bu ògì sí i lẹ́nu, á sì máa sọ gbogbo ẹjọ́ ilé ìwé fún un. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀ṣuntọ́lá bi í pé ta ló ni ilé tí àwọn wà yìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, níbo ló ti máa mọ irọ́ tó yẹ kó pa?

"Ilé Bàbá ni, Màmá. Ilé ọkọ yín."

Ọ̀ṣuntọ́lá fi ọwọ́ ti síbí sẹ́yìn. "Ọkọ wo? Ta ló tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi?"

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ ohunkóhun mọ́. Omi nìkan ló ń gbà. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọbìnrin láyé ọjọ́un. Nílé Èṣùgbàyí, ọmọge tí wọn ò tíì tọrọ kì í fi ẹnu kan oúnjẹ nílé ọkùnrin. Tó bá jẹ ẹ́, ó ti fi ara rẹ̀ tọrẹ, ojú bàbá rẹ̀ á sì wálẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Pàṣán ni ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá fi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ìyá náà ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ tó bí, ó gbàgbé ọ̀nà odò, ṣùgbọ́n pàṣán yẹn ò kúrò lára rẹ̀. Ìyá Tìmílẹ́hìn, ìyàwó Sanmí tó ń yan gàrí ní Lálúpọn, gbé mọ́ínmọ́ín wá, ó gbé ọbẹ̀ ẹja wá, ó ní òun rà á lọ́jà ni, kò ti inú ilé yìí wá. Ìyá náà dúpẹ́, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ní Lálúpọn gbé apá Ọ̀ṣuntọ́lá sókè, ó rọra gbé e sílẹ̀ padà. Ó pe Ẹkúndayọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá, kì í ṣe àìsàn ló fẹ́ pa ìyá yìí. Ebi ni. Ẹ wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi jẹun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní pẹ́ lọ."

Lórí ọ̀kadà tó gbé wọn padà sílé, Ẹkúndayọ̀ fi ìyàwó rẹ̀ sáàárín, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Egungun lásán ló ń fọwọ́ kàn. Ọlọ́kadà ń bá a sọ̀rọ̀ òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀, kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ohun tó ń dùn ún jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òótọ́ ni obìnrin yẹn ń sọ. Òun ò tọrọ rẹ̀ rí.

Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, kẹ̀kẹ́ ológeere ni Ẹkúndayọ̀ fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Lálúpọn. Ọ̀ṣuntọ́lá máa ń ru ẹrù gba ọ̀nà kan náà. Bó bá ti bá a lọ́nà, á sọ̀ kalẹ̀, á gba ẹrù náà lórí rẹ̀, á so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á sì máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé ilé. Kò ní sọ̀rọ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Gbogbo ayé mọ̀ pé ìyàwó Oyèkúnlé ni. Oyèkúnlé yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Akànrán, ẹlẹ́rìn-ín, ẹlẹ́nu dídùn, ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Èṣùgbàyí, wọ́n gbé orógbó, wọ́n gbé oyin, wọ́n gbé iṣu wá, àwọn ará ilé Èṣùgbàyí sì ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá lọ sí Gáná láti lọ ṣiṣẹ́ wá owó ìgbéyàwó. Ó ní òun ń bọ̀.

Ọdún tí Gáná lé àwọn Yorùbá wálé, ọkọ̀ ń já èèyàn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀ṣuntọ́lá a máa lọ dúró lójú ọ̀nà. Kò rí Oyèkúnlé láàárín wọn. Ẹnì kan ní ó ti níyàwó níbẹ̀, ẹlòmíràn ní ó ti kú, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Nígbà tó ṣe, Èṣùgbàyí, tó ti ń rí oníkẹ̀kẹ́ tó ń bá ọmọ rẹ̀ gbé ẹrù dé ilé, ránṣẹ́ sí ilé Ẹkúndayọ̀. Ó ní òun ò lè jẹ orógbó ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí ọmọ kan, nígbà tí òun ò rí ẹni tí òun máa dá ti àkọ́kọ́ padà fún. Kí wọ́n má wá dọ̀bálẹ̀, kí aráyé má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn máa mú ọmọ wá ní jẹ́jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà méjì mú Ọ̀ṣuntọ́lá gba ẹ̀yìn ilé wọlé, tòun ti ẹrù rẹ̀. Kò sí orin, kò sí ẹkún ìyàwó. Inú Ẹkúndayọ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rántí láti bi í bóyá inú tirẹ̀ náà dùn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń gbé. Wọ́n bímọ, wọ́n sin nínú wọn, wọ́n jọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù àti Séráfù, aṣọ funfun wọn jọ ń so mọ́ ìṣó kan náà. Obìnrin náà ò dárúkọ Oyèkúnlé rí. Òun náà ò sì bi í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹkúndayọ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Tìmílẹ́hìn, Jìmí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ, àti Ifákẹ́mi, ọmọ aládùúgbò wọn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe ìdána Ọmọ́ṣọlá, ọmọ kan ní ìsàlẹ̀ abúlé, ọ̀rọ̀ ìyàwó ló sì kún ẹnu àwọn ọmọ náà.

Jìmí ní òun ò ní lọ wá ìyàwó jìnnà ní tòun. Ìyá òun ni òun máa fẹ́, torí ó ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nílé.

"Dádì ti fẹ́ wọn," Tìmílẹ́hìn sọ fún un.

"Ṣebí Èkó ni Dádì wà. Wọn ò ní mọ̀."

Ifákẹ́mi ní ìfẹ́ ni kí èèyàn já ẹran ẹnu rẹ̀ fún ọ, láìjẹ́ pé o sunkún. Ó ronú díẹ̀, ó fi kún un pé, "Bàbá mi fẹ́ràn ìyá mi gan-an. Tí bàbá mi bá ti nà wọ́n tán, àwọn náà ló máa ń lọ ra oògùn ìrora fún wọn."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ẹkúndayọ̀. Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ wo ojú ara wọn, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

"Báwo lèèyàn á ṣe mọ̀ pé òun ti fẹ́ ìyàwó tán?" Jìmí béèrè.

"Tó bá ti dọ̀bálẹ̀," ni Tìmílẹ́hìn wí. "Tó bá dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n bá ní kó dìde, ó ti fẹ́ ẹ nìyẹn. Tí wọn ò bá ní kó dìde, á máa wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni." Ó yíjú sí bàbá àgbà rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ẹ dìde?"

Ẹkúndayọ̀ lè parọ́. Irọ́ kékeré bẹ́ẹ̀, ta ló máa bi í? Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mi ò dọ̀bálẹ̀."

Jìmí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jí Màmá gbé ni?"

"Ta ló jí èèyàn gbé? Wọ́n mú wọn wá fún mi ni."

"Kí ni Màmá wá sọ?"

Ẹkúndayọ̀ mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Tìmílẹ́hìn ló bá a sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá bi í ní ìṣirò tó mọ̀.

"Á jẹ́ pé Màmá ò gbàgbé. Ẹ ò tíì fẹ́ wọn. Ẹ lọ tọrọ wọn, wọ́n á jẹun."

"Ẹ gbéra níbẹ̀ yẹn!" Ẹkúndayọ̀ ju èèpo ẹ̀gẹ́ lù wọ́n. "Ẹ ò ríṣẹ́ ṣe! Ẹ lọ kàwé yín!"

Wọ́n fọ́n ká bí adìyẹ. Gbogbo ìyókù ọjọ́ náà ló fi ń bínú, ó gbá ewúrẹ́ létí, ó bú ìyàwó ọmọ rẹ̀ nítorí iná tó ń rú èéfín. Àgbàlagbà bíi tirẹ̀, alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ tí ò mọ imú nù máa kọ́ ọ ní ìyàwó fífẹ́! Kò sọ fún ara rẹ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ló ń bí òun nínú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀ṣuntọ́lá ò lè gbé orí rẹ̀ sókè fi mu omi. Ìyá Tìmílẹ́hìn di orí náà mú, omi ń ṣàn gba igun ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, omijé ń ṣàn lójú èyí tó dì í mú. Ẹkúndayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó jáde síta, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wọ aṣọ ilé ìwé.

"Kí ni wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó gbé wá lọ́jọ́ ìdána Ọmọ́ṣọlá?" ó béèrè, kò wojú ẹnì kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe é, nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé dé. Iṣu kan wà, iyọ̀ wà nínú àwo, orógbó tí Ifákẹ́mi tọrọ nílé wọn wà. Oyin ò sí, wọ́n fi ṣúgà rọ́pò rẹ̀. Jìmí ni wọ́n fi ṣe bàbá ìyàwó. Ó jókòó lórí àga Ẹkúndayọ̀, fìlà Ẹkúndayọ̀ wọ̀ ọ́ dé imú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì le koko. Ifákẹ́mi di aṣọ ìnujú mọ́ ọwọ́, ó ń pàṣẹ bí alága ìdúró.

"Ọkọ ìyàwó, ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa! Àyà yín ò tíì kan ilẹ̀!"

Kì í ṣe ohun tó rọrùn. Orúnkún rẹ̀ kan kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí àyà rẹ̀ fi kan sìmẹ́ńtì tútù iyàrá náà, tí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá Tìmílẹ́hìn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé àwo ògì lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu. Àfi níwájú pẹpẹ Ọlọ́run, kò rí i rí kí bàbá ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè.

Lórí ibùsùn, níbi tí wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé e jókòó, Ọ̀ṣuntọ́lá ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí ojú funfun rẹ̀ síhà ibi tí ohùn ti ń wá. Ọwọ́ rẹ̀ wá ìborùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i, ó sì fà á bo orí bí ọmọge ti í ṣe.

"Ta ló wá?" ó béèrè.

"Ọkọ yín ni, Màmá," ni Tìmílẹ́hìn dáhùn. "Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní àwọn wá tọrọ yín."

Ìyá náà ṣí ìborùn kúrò létí. "Oyèkúnlé ni?"

Kò sí ọmọ tó mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Oyèkúnlé, ṣé o ti Gáná dé?"

Ẹkúndayọ̀ ò dìde. Èmi ò mọ ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ìbá ṣe. Ó rí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ níwájú rẹ̀, bí awọ ṣe lẹ̀ mọ́ egungun kókósẹ̀. Ó gbọ́ òórùn ògì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé ó ti ń tutù.

"Èmi ni," ó wí.

"Ohùn rẹ ti yí padà."

"Ọ̀nà jìn. Òtútù mú mi lọ́nà."

Ọ̀ṣuntọ́lá mí kanlẹ̀. "O pẹ́. Wọ́n ti fẹ́ mú mi fún oníkẹ̀kẹ́ kan."

Ẹkúndayọ̀ mọ̀ pé kò yẹ kí òun béèrè, síbẹ̀ ó béèrè. "Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa. Mi ò sọ pé kò dáa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni." Ó ń fi ìka ká etí ìborùn náà. "Èmi ni wọn ò bi. Òun náà ò bi mí."

Jìmí, tí fìlà ti bo ojú rẹ̀, rántí iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un. "Mo ti gbà!" ó kígbe. "Ẹ dìde!"

Ẹkúndayọ̀ ò tètè dìde. Nígbà tó dìde, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló fà á sókè. Ó gba àwo ògì lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì bu síbí kan. Ọ̀ṣuntọ́lá la ẹnu. Ó mu ún, ó mu òmíràn, ó mu ún títí tí síbí fi ń ha ìsàlẹ̀ àwo. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n pín ṣúgà náà láàárín ara wọn, wọ́n sá lọ síta.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹun. Nọ́ọ̀sì gbé apá rẹ̀ wò, ó yin Ẹkúndayọ̀, ó ní Ọlọ́run á san án fún un. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà á kan ilẹ̀kùn iyàrá, ìyá náà á bi í pé ta ni, òun á ní Oyèkúnlé ni. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti sọ orúkọ ara rẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, kò ṣí i mọ́ títí Ẹkúndayọ̀ fi jáde, tó tún padà wọlé bí Oyèkúnlé. Ó ń gbọ́ ìtàn ọjọ́ tí obìnrin náà àti Oyèkúnlé jọ lọ wo eégún ní Akànrán, ó ń gbọ́ ti àpótí tí Oyèkúnlé gbẹ́ fún un, ó sì ń gba ọpẹ́ lórí àpótí tí òun ò gbẹ́. Ìyá náà ń sanra díẹ̀, òun ń gbẹ.

Jìmí ni ọ̀rọ̀ náà ò yé. Ó bá bàbá àgbà rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. "Bàbá, tó bá jẹ́ Oyèkúnlé ni ọkọ Màmá, ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wọn," Ẹkúndayọ̀ dá a lóhùn.

Ó jọ pé èsì náà tẹ́ Jìmí lọ́rùn. Ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú ọyẹ́, Ẹkúndayọ̀ ń bu ògì sí i lẹ́nu bó ti máa ń ṣe. Ìyá náà dá ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Oyèkúnlé, oníkẹ̀kẹ́ yẹn, ṣé o máa ń rí i?"

Ó ní òun máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tó o bá rí i, bá mi sọ fún un pé kó má bínú. Ó bá mi gbé ẹrù púpọ̀. Tí mo bá ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi, mo máa ń rọra rìn kó lè bá mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ká ní ó bi mí ni..."

Ẹkúndayọ̀ gbé síbí dání, ògì ń kán sí i lórí ẹsẹ̀.

"Ká ní ó bi ọ́ ńkọ́?" ó wí. "Ọ̀ṣuntọ́lá. Ká ní ó bi ọ́, kí ni ò bá sọ?"

Obìnrin náà yíjú sí i. Ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ. Ó la ẹnu rẹ̀, ó ń retí síbí.